Ta Ló Ní Kò Sí Ìgbádùn L'Álímọ̀ṣọ́?

Bí ará Ìkòtún bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó tó sọ ibi tí òun ń gbé, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. "Ìkòtún kẹ̀? Ṣé ẹ kì í gba fíísà kẹ́ ẹ tó dé ọ̀hún?" Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dun ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe rí.

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Oko àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀ kí àwọn tí owó ilé lé kúrò láàrin ìgboro tó wá ń ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ìjọba Lateef Jakande, tó wà lórí àlééfà láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé alábọ́dé sí Abẹ́sàn, n'Ípájà. Nígbà tó fi máa di ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní èrò Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,200,000. Ìjọba Èkó yarí, ó ní wọ́n lé ní 2,000,000. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò tó o l'Ékòó nínú ìkànìyàn ọ̀hún.

Kí ló wá dá gbogbo èrò yìí dúró síbẹ̀? Kì í ṣe owó ilé nìkan o.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Òórùn ata ẹ̀wà agọ̀yìn ló ń jí ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin tó wá láti ilẹ̀ Benin àti Togo ló sọ oúnjẹ yìí di ti gbogbo èèyàn: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, ata gbígbẹ tí wọ́n dín nínú epo títí tó fi dúdú. Búrẹ́dì Agége ni ẹnìkejì ẹ̀. Búrẹ́dì náà ní ìtàn tirẹ̀: Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tó kárí l'Ékòó.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ bu ata sí i!"

"Ẹ fara balẹ̀, ọkọ mi, ó ti ń bọ̀."

Ọjà Ìkòtún ńkọ́? Obìnrin tó bá rí aṣọ òkìríkà gidi rà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ iye tó ná an. L'Ẹ́gbẹ́dá, àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni wọ́n fi ń gba ara wọn lálejò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ n'Ígàndò, tí kò bá síná, kálukú á gbé àga síta. Àgbàdo sísun àti àgbọn lásìkò òjò, bọ̀lì àti ẹ̀pà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àgbà á ta ayò, àwọn ọ̀dọ́ á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, ọmọ aládùúgbò á sì jẹun nílé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Àmọ́ ọ̀tá kan wà tó ń ba adùn yìí jẹ́: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Baálé ilé tó ń ṣiṣẹ́ l'Érékùṣù á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó bá fi máa padà dé, àwọn ọmọ ti sùn. Òun ló ń san owó ilé, àwọn mìíràn ló ń gbé inú ẹ̀! Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Àgbádó dé Òyìngbò. Ó gba Agége kọjá, ṣùgbọ́n kò ya Ìkòtún, bẹ́ẹ̀ ni kò ya Ìgàndò.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa láàrin ìgboro, tí wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ wá sí ojúlé ara wọn. Owó tó ń wọlé lè dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá ọmọ wọn jẹ oúnjẹ alẹ́. Èyí tí kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí ìjọba rántí nígbà tó bá tún ń ya ọ̀nà rélùwéè mìíràn.

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò wá débẹ̀ títí tí wọ́n fi palẹ̀ ayò mọ́ ńkọ́, tí iná bọ̀lì ti kú, tí ọmọ ti sùn? Ìgbádùn wà l'Álímọ̀ṣọ́. Kí onílé tètè délé jẹ ẹ́ ló kù.