Fáyámàn Ò Fẹ́ Èéfín Dúdú

Àwọn èèyàn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé mọ́tò ni wọ́n fi ń lé rélùwéè ní òpin ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ o, fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n á ti wo máàpù sílẹ̀, wọ́n á mọ ibi tí ojú irin ti sún mọ́ títì, wọ́n á mọ apá ibi tí oòrùn máa wà ní aago méje àárọ̀. Wọ́n á dúró. Rélùwéè á yọ, wọ́n á yà á, wọ́n á ju kámẹ́rà sẹ́yìn ọkọ̀, ó di eré! Kí rélùwéè tó dé ibi tó kàn, wọ́n ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́, èyí tó ń fi èédú se omi, tí agbára ooru omi náà á sì máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí eré yìí ṣeé sá ni pé ẹ́ńjìnnì yẹn kì í yára tó bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, mọ́tò tí kò tiẹ̀ dára náà lè yà á sílẹ̀. Ní Inner Mongolia, lápá àríwá Ṣáínà, ojú irin kan wà tí wọ́n ń pè ní Jitong, tó gba àárín òkè Jingpeng kọjá. Títí di ìparí ọdún 2005, ẹ́ńjìnnì oníèédú ló ń fa ọkọ̀ níbẹ̀, méjì méjì nígbà míì. Àwọn ayàwòrán máa ń wọ bàálù láti Yúróòpù lọ síbẹ̀ nínú òtútù tó lè pa èèyàn, wọ́n á háyà mọ́tò, wọ́n á máa lé e láti àfonífojì kan dé èkejì.

Fídíò irú wọn ni mo máa ń wò lálẹ́ ní Ìbà nígbà tí kóòdù bá ti sú mi. Mo ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, sọ́fítíwia ni mo fi ń jẹun, ojú mi kì í kúrò lára nǹkan tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn. Bóyá ìyẹn ló fà á. Ẹ́ńjìnnì yẹn, gbogbo ohun tó ń ṣe ló wà níta tí ojú rí. Irin tó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ máa rí i. Omi tó ń jò, ẹ máa rí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ọ̀jọ́ ni mò ń gbé. Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà dé Òkòkòmáíkò, ẹ́ńjìnnì oníèédú kankan ò kọjá lọ́dọ̀ wa rí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin Èkó ní ọdún 1896, apá Agége ni wọ́n dorí kọ. Wọ́n gba Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní March 1901. Ọdún 1907, ó ti dé Òṣogbo. Ọ̀nà Àgbádárìgì ò sí nínú ìwé wọn. Ó di ayé tiwa yìí kí Blue Line tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. September 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Èyí tó kù, láti Mile 2 dé Òkòkòmáíkò, ni wọ́n ṣì ń ṣe láàárín títì wa, tí àwa náà ń wò ó láti ojú fèrèsé dáńfó.

Mo ti gbìyànjú láti lé Blue Line, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iná mànàmáná ló ń lò, kò sí èéfín, kò sí ariwo. Mo wà nínú mọ́tò mi lápá Orílé, mo rí i tó yọ lókè, mo ní ó yá. Kí kọ́ńdọ́ dáńfó tó wà níwájú mi tó gba ṣéńjì lọ́wọ́ èrò kan, rélùwéè ti lọ. Ẹni tó bá mọ títì Àgbádárìgì mọ̀ pé rélùwéè ló máa ń lé mọ́tò níbẹ̀, mọ́tò kọ́ ló ń lé rélùwéè. Èyí tuntun tó ń lọ Ìbàdàn láti June 2021 náà ńkọ́? Wọ́n ṣe é kó lè sá kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Èmi àti Corolla mi ò sí nínú ìyẹn rárá.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lé rélùwéè tí mo sì bá a. Ọdún 2015 ni. Ọkọ̀ Èkó sí Kánò, lórí ojú irin àtijọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti December 2012. Ìrìn náà lé ní 1,100 kìlómítà, ó sì máa ń ju ọjọ́ kan lọ dáadáa, nítorí náà ẹ mọ irú eré tó ń sá. Mo jí kúrò ní Ìbà, mo gba ọ̀nà LASU sí Ìgàndò, mo já sí Ìyànà-Ìpájà, mo gba Abúlé Ẹ̀gbá dé Sángo. Ní Ifọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ yà á. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń fà á, eruku ti bò ó, èrò sì yọrí láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo ìgbéyàwó. Mo tún bá a ní Ìtórí. Obìnrin kan tó gbé ẹ̀kọ lórí bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èèyàn yín wà nínú ẹ̀ ni?" Mo ní rárá. Ó wo kámẹ́rà, ó wo mọ́tò, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Nígbà tó fi máa dé Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta, mo ti dúró, mo ti mu omi tutù tán. Fọ́tò mẹ́ta tó dáa. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún wò ni bàbá wa ní Òkòkòmáíkò. Àbúrò bàbá tó bí bàbá mi ni, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ọdún 1957 ló wọ iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ọmọ ọdún 19. Nínu ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ṣe, kí wọ́n tó jẹ́ kó di fáyámàn, ìyẹn ẹni tó ń dáná fún dírẹ́bà. Ó wo fọ́tò mi, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbóná. Ó ní, "Mọ́tò ńlá nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ó ṣáná. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì."

Ni mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù, mo fi àwọn ti Jingpeng hàn án. Ẹ́ńjìnnì méjì lórí afárá, yìnyín nílẹ̀, èéfín dúdú kìjikìji tó gun ojú ọ̀run. Fọ́tò tí gbogbo ayé ń pín kiri ni. Mo rò pé Bàbá á pariwo. Ó fa láptọ́ọ̀pù mọ́jú, nítorí gílákómà ti ń dà á láàmú nígbà yẹn, ó sì bojú jẹ́.

"Ta ni fáyámàn yìí? Ó ń ba èédú jẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ wo bó ṣe rẹwà."

"Ó rẹwà lójú ẹni tí kì í ṣe òun ló ń ra èédú. Èéfín dúdú, èédú tí kò jóná ni. Owó ìjọba ló ń gba ọ̀run lọ yẹn."

Ó wá jókòó dáadáa, ó sì kọ́ mi. Ó ní fáyámàn tó mọ iṣẹ́, ẹnu símínì rẹ̀ máa ń mọ́ ni. Kì í da èédú sínú iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, léraléra, kí iná náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló máa ń yára jóná, ibẹ̀ ni ṣọ́bìrì gbọ́dọ̀ máa dé, ọkọ̀ á sì máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ bí ẹni wà lórí omi. Ṣùgbọ́n omi ṣáájú iná. Gíláàsì kan wà níwájú wọn tó ń sọ bí omi inú bọ́ílà ṣe pọ̀ tó. Tí omi bá lọ sílẹ̀ débi pé orí àpótí iná gbẹ, òjé tí wọ́n fi dí ihò kan níbẹ̀ á yọ́, omi gbígbóná á tú sórí iná. Ìyẹn gan-an ló dáa, ó ní, nítorí tí òjé ò bá yọ́, bọ́ílà ló máa bú gbàmù, kò sì ní sí ẹni tó máa ròyìn.

Mo padà sílé, mo lọ ka ohun tí àwọn ayàwòrán òyìnbó kọ. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Tí wọ́n bá háyà ẹ́ńjìnnì fún fọ́tò, wọ́n máa ń bẹ fáyámàn pé kó bá wọn mú èéfín jáde, kó da èédú sí i ju bó ṣe yẹ lọ bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ kámẹ́rà. Òtútù náà sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ooru omi tó bá jáde sínú òtútù á di funfun bí òwú, á pẹ́ kó tó pòórá. Nínú oòrùn Abẹ́òkúta, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Tí ẹ́ńjìnnì Bàbá bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lọ́sàn-án gangan ní Láfẹ́nwá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan tí kámẹ́rà máa rí lókè rẹ̀. Èmi ò tún lè wo àwọn fọ́tò Jingpeng yẹn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣì rẹwà o, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ohùn Bàbá nídìí wọn.

Èédú tiwọn, láti Énúgù ló ti ń wá. 1909 ni wọ́n rí i níbẹ̀, 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú irin dé ibẹ̀ láti Port Harcourt. Ọkọ̀ ojú omi á wá gbé e láti Port Harcourt wá sí Èkó. Nígbà tí Bàbá ń ṣàlàyé ìdí tí fáyámàn ò fi gbọ́dọ̀ ba èédú jẹ́, ó dárúkọ Iva Valley láìjẹ́ pé mo bi í. Ní November 18, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 níbẹ̀. Kò tíì wọṣẹ́ nígbà yẹn, àwọn àgbà ibi iṣẹ́ ló sọ fún un. Ó ní wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọdé tuntun pé èèyàn kú nídìí nǹkan tí ẹ ń fi ṣọ́bìrì kó yẹn.

Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní River, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún Nàìjíríà ní 1948. Orúkọ odò ni wọ́n ń fún wọn. Ẹsẹ̀ kéékèèké méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, méjì lẹ́yìn. Ó dáa débi pé nígbà tí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ ẹ́ńjìnnì, àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n lò fún kíláàsì 29 tiwọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yẹn wà ní ilé ọnà rélùwéè Nairobi, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Àwọn ará Sierra Leone náà ní tiwọn ní Cline Town, Freetown, láti 2005. Ẹ́ńjìnnì wọn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 85 ti wà ní Wales láti 1975, ó sì fa èrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tiwa? Ilé ọnà kékeré kan wà ní Jaekel House ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy ló tún ilé náà ṣe, ẹ lọ wò ó, ó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ibì kan ní Nàìjíríà tí èmi lè wa mọ́tò lọ lónìí kí n gbọ́ kí ọ̀kan mí.

Ohun tó ń dùn mí jù ìyẹn lọ ni fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àlejò ló yà á. Wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sídìí rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ irú fíìmù tí wọ́n lò. Ọkùnrin tó yọrí níbẹ̀, tó fi aṣọ nu ojú, kò lórúkọ. Mo tẹ irú ẹ̀ jáde gbàgàdà kan, mo gbé e lọ fún Bàbá. Ó ní òun mọ ìdúró ẹni yẹn, òun ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ìyá Bọ̀sẹ̀, ọmọ rẹ̀, bá a tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò rí i. Ó dá a padà fún mi jẹ́jẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́, òun nìkan ló kù tí a mọ ilé rẹ̀.

Látìgbà náà, mi ò gbé fọ́tò lọ mọ́. Mo máa ń lọ ní Sátidé lẹ́yìn ọ̀sán, mo máa ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti ní nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá. Mo ṣe síkíríptì kékeré kan tó ń gé e sí wẹ́wẹ́, tó ń kọ ọjọ́ àti àkòrí sí i: omi, iná, Òṣogbo lóru, dírẹ́bà tó máa ń kọrin.

Sátidé tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré dání, mo ṣí fídíò ẹ́ńjìnnì kan tó ń gun òkè ní Gẹ̀ẹ́sì, mo yí ojú fóònù dé ilẹ̀. Ohùn nìkan. Bàbá di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu apá àga, mẹ́rin, mẹ́rin. Ó ní tí ẹsẹ̀ ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ́ńjìnnì máa ń mí, ó sì yẹ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níta, ó ṣì ń kà. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Ẹ̀kẹrin ò dọ́gba. Fáàfù ẹ̀ ti yẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ sí lókò."

Mo bi í bóyá kí n pa á. Ó ní kí n tún un lù láti ìbẹ̀rẹ̀.