LÁTI GÁRÉÈJÌ ÌKÒRÒDÚ DÉ AFÁRÁ APẸ̀TẸ̀

Ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Kì í ṣe ìrìn àjò òkè òkun, kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dá aṣọ sí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo dé. Ṣùgbọ́n àìrìnjìnnà ni kì í jẹ́ kí a rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí mo rí lọ́nà yìí, n kò rí i nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo dé Gáréèjì Ìkòròdú. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kì í sùn. Ará Ìjẹ̀dé, ará Ìgbógbó, ará Àgbọ̀wá àti ará Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá ọkọ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti gbé agbọ̀n wọn kalẹ̀, ẹlẹ́kọ ń ké, ọlọ́mọge tí ń ta omi inú ọ̀rá ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Agbèrò kan ń pariwo pé, “Ìbàdàn, ó ku ẹnì kan!” Mo wọlé, mo bá ènìyàn mẹ́ta péré. Wákàtí kan gbáko ni a fi dúró de “ẹnì kan” náà.

Nígbà tí mo jókòó, mo ń ronú pé omi ni ọ̀nà àwọn baba wa ní Ìkòròdú. Kí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ tó dé, Ẹbúté ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Àwa ọmọ wọn ni a ń wá bí a ó ti gba orí omi kọjá láìfi ẹsẹ̀ kàn án. Ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an ni ó gbé mi jáde nílé.

Ní àdúgbò mi, tí kò jìnnà sí gáréèjì, odò kékeré kan wà láàrin àwa àti ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Nígbà òjò, àgbàlagbà a máa sá fún un. Àwa ẹgbẹ́ onílé dá owó jọ láti kọ́ afárá sí i. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Bíríkìlà kan ní kí a ri ríìngì kankéré méjì sínú odò, irú èyí tí a fi ń ṣe kànga, kí a da ilẹ̀ lé e, kí a sì tẹ́ kankéré sí orí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a kọ́ èyí tí ó fẹ̀, tí ó sì ga, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Èmi yìí náà ni mo dìde, tí mo kọ ìṣirò sí ojú pátákó, tí mo fi hàn wọ́n pé èyí tí kò wọ́n ni ó yẹ wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, inú mi dùn.

Afárá náà kò lo ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kẹwàá kan, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kankéré wa ṣì wà ní àárín odò bí erékùṣù, ṣùgbọ́n omi ti gbé ilẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ fò ó kọjá pẹ̀lú báàgì ìwé rẹ̀. Kò dé òdì kejì. Ọmọkùnrin kan tí ń fọ ọkọ̀ nítòsí ni ó bẹ́ sómi tí ó fà á jáde. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ni mo bá létí odò. Bàtà náà wà lórí tábìlì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ di òní, nítorí ìyá rẹ̀ kò padà wá gbà á. N kò lè wò ó kí n má rántí ìṣirò ojú pátákó.

Àwọn onílé tún dá owó jọ. Wọ́n tún ra ríìngì méjì, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá rántí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé girama, tí ó di ẹnjiníà ní Ìbàdàn. Mo fi fóònù pè é. Ó ní, “Má sọ ohunkóhun ní ìpàdé yín títí o ó fi wá bá mi ní Apẹ̀tẹ̀.”

Bọ́ọ̀sì wa kún, a gbéra. A kọjá Odòguǹyàn, a kọjá Ògìjo, a dé Ṣàgámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ará Ìkòròdú ti tọ baba ńlá wọn sí, a sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn. Mo ti gba ọ̀nà yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ni mo kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, ihò kan wà níbẹ̀ fún omi. Àwọn kan fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ lè gba inú wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ ni inú wọn gbẹ fúrúfúrú. Mo wí fún ara mi pé ẹni tí ó ṣe èyí kò ṣe é fún ọjọ́ tí oòrùn ń ràn.

Ní Ìbàdàn, mo wọ Mícrà ní Sáńgo, a gba Ìjòkòdó, a dé Apẹ̀tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn kò ní gbàgbé ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Òjò ọjọ́ náà kò ju wákàtí mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó lé ní 100 ni ó bá a lọ, ọ̀pọ̀ afárá sì wó. Ti Apẹ̀tẹ̀, lórí odò Ọ̀nà, wà lára wọn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìbàdàn rí irú rẹ̀. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó wọlé tọ àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Àwọn àgbà ṣì ń pe ìyẹn ní Omíyalé.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti kọ́ afárá mìíràn sí Apẹ̀tẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Bí mo ti ń dúró de ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan.

Ó ní, “Ṣé tíṣà ni yín?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti ń ka ọkọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti jókòó.”

Mo bi í nípa ọdún 2011. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, kì í ṣe òjò tí ó rọ̀ sí wa lórí nìkan ni. Omi òkè ni ó wá bá wa. Ó ń gbé igi bọ̀, ó ń gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀, ó ń gbé pàǹtí gbogbo ìlú bọ̀. Nígbà tí afárá lọ tán, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyà wa bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn dé, mo wá ń yí ká kí n tó dé ọjà. Èrè orí ẹ̀lùbọ́, owó ọkọ̀ ni ó ń jẹ ẹ́. Oníbàárà mi tí ó wà ní òdì kejì wá ẹlòmíràn. Títí di òní kò padà.”

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí. Bí afárá bá wó, kì í ṣe kankéré nìkan ni ó wó. Oníbàárà ń lọ, ọmọ ilé-ìwé ń jókòó sílé, aboyún kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀rẹ́ mi dé. Kò jẹ́ kí n dúró lórí afárá rárá. Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ìlú, orí afárá ni ẹ máa ń wò. Abẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí agogo ìparí bá lù ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, tí ìwọ sì ṣí apá kan ilẹ̀kùn, kí ni àwọn ọmọ ń ṣe?”

Mo ní, “Wọn a máa ti ara wọn.”

“Bí wọ́n bá pọ̀ jù ńkọ́?”

“Férémù a ya kúrò lára ògiri.”

Ó ní, “Ohun tí ó ṣe yín ní Ìkòròdú nìyẹn. Ríìngì yín kò fọ́, àbí? Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó lọ. Ẹ fún omi ní ilẹ̀kùn tí ó kéré, ọ̀rá àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí i, omi sì la ọ̀nà fún ara rẹ̀.”

Ó ṣàlàyé síwájú pé bí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti nǹkan a di ìlọ́po mẹ́rin. Ó ní omi àkúnya a máa wa ìdí òpó afárá láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí omi bá fà, yanrìn a padà dí ihò náà, gbogbo ènìyàn a sì rò pé nǹkan kò ṣe ìdí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní ìpínlẹ̀ New York, afárá ńlá kan tí a ń pè ní Schoharie Creek wó ní 5 oṣù kẹrin ọdún 1987, ènìyàn 10 sì kú. Ó ti lo ọdún 32 kí ó tó wó. Omi ni ó wa ìdí òpó rẹ̀ jáde. Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí ni eji ń pa.

Mo bi í pé kí ni kí a wá ṣe. Ó ní kí n mú bírò, mo sì kọ ohun wọ̀nyí:

Èkíní, kí a bi omi léèrè. Kí a wá àmì ibi tí àkúnya ga dé lára ògiri àti igi, kí a bi àwọn àgbà tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, kí orí afárá sì ga ju àmì náà lọ dáadáa.

Èkejì, kí a má ṣe fún odò lọ́rùn. Kí àlàfo abẹ́ afárá fẹ̀, kí òpó má sì sí ní àárín rẹ̀ bí a bá lè ṣe é, kí pàǹtí má bàa rí ibi há sí.

Ẹ̀kẹta, kí ìpìlẹ̀ jìn ju ibi tí omi lè wà dé lọ. Kí a mọ ògiri apá sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti di ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mú, kí a sì to òkúta ńláńlá sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a má lo yanrìn ọ̀sà tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin inú kankéré. Kí a máa bu omi rin kankéré fún ọjọ́ púpọ̀, kí ọkọ̀ má sì gùn ún kí ọjọ́ 28 tó pé.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnjiníà tí ó gba ìwé àṣẹ yàwòrán rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò mí lójú nígbà tí ó sọ èyí. Ó ní, “Kì í ṣe bíríkìlà, kì í sì í ṣe tíṣà.” Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó tún sọ fún mi pé lẹ́yìn àkúnya 2011 náà, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 láti yá Ìbàdàn fún ọ̀rọ̀ omi àkúnya. Mo ronú lórí iye yẹn títí oorun fi gbé mi lọ. Ìlọ́po mẹ́ta tí mo sá fún ní ìpàdé wa, àṣé owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìlú ń san lẹ́yìn tí omi bá ti lọ.

Ní ọjọ́ kejì, n kò gba Ṣàgámù padà. Mo gba ọ̀nà márosẹ̀ dé Kétu, mo wọ ọkọ̀ BRT ní Máìlì Kejìlá, ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún un ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. A kọjá Ajégúnlẹ̀, níbi tí omi lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí a gun afárá Májìdun, mo yọjú wo ìsàlẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pé omi òkè ni ó wá bá wọn. Omi kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Ìpàdé pé. Mo dìde, mo sì gbé bàtà ọmọ náà sí orí tábìlì. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo ṣìnà ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo ṣírò owó, n kò ṣírò omi.” Bàbá kan bínú pé ríìngì tí a ti rà ńkọ́? Ẹlòmíràn ní owó kò sí. Ariwo sọ. Alága wa, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé bàtà náà, ó yí i wò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bèèrè pé, “Tíṣà, mélòó ni ẹnjiníà yóò gbà láti wá wo odò?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Owó kò tíì pé. A ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, a sì ti ta ríìngì méjèèjì fún ẹni tí ń gbẹ́ kànga. Àwa òbí àti olùkọ́ ń dúró létí odò ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán láti mú àwọn ọmọ kọjá. Ẹnjiníà ti wá lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri ilé kan níbi tí omi ga dé. Àmì náà ga ju orí mi lọ.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń múra láti kọ́ afárá sí àdúgbò yín, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye tí sìmẹ́ńtì jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí omi ga dé.