Gìtá Mélòó Ló Tó Ẹni Tó Ti Ṣègbéyàwó?

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó fẹ́ràn gìtá kì í lè dá dáhùn mọ́ láti ọjọ́ tó bá ti ṣègbéyàwó: mélòó ló tó? Kí ìgbéyàwó tó dé, àpò ẹni ló ń dáhùn rẹ̀. Bí owó bá wà, a ó rà á. Bí kò bá sí, a ó wò ó nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, a ó sì kọjá lọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, yàrá ti di ti ẹni méjì, owó ti di ti ẹni méjì, àlàáfíà ilé náà sì ti di ti ẹni méjì. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, ilé kan náà ló yẹ kí a wò kí a tó ka gìtá.

Abẹ́òkúta ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, ní àdúgbò Aké, nínú ilé oníyàrá méjì tí páànù òrùlé rẹ̀ ti dógùn-ún bíi ti ọ̀pọ̀ ilé tí ènìyàn ń rí láti orí òkè Olúmọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ sí òde ìnáwó; ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń ta gìtá nínú ìjọ wa. Aláró ni ìyàwó mi. Kàm̀pálà ló ń ṣe, Ìtòkú ló sì ti ń tà á. Ọlọ́run fún wa ní ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, gìtá mẹ́ta ló wà nínú ilé wa, nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ ra ẹ̀kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe àwọn mẹ́ta náà. Èkínní ni gìtá onígi tí inú rẹ̀ ṣófo, tí kò nílò iná. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olóògbé ló fún mi, òun ni mo sì máa ń ta ní alẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Èkejì ni gìtá oníná tí mo ń gbé lọ sí òde. Tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn. Ẹ̀kẹta náà jẹ́ oníná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó máa retí ọjọ́ tí okùn èkejì yóò já lójú agbo. Èyí tí mo fẹ́ rà ni béèsì olókùn mẹ́rin, nítorí pé ẹni tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ wa ti ṣí lọ sí òkè òkun. Ẹni tó ń ta á tọ́ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan láàárín wa, mo sì mọ̀ ọ́n ta.

Àwíjàre mi pọ̀, nítorí pé ìtàn gìtá ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìtàn gìtá kan ṣoṣo. Àwọn atukọ̀ ọmọ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà títa gìtá ti orin ìdí ẹmu káàkiri àwọn ìlú etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí ó fi dé Èkó. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọ orin jùjú ní Èkó, ohun èlò olókùn kan péré ti tó fún ẹgbẹ́ kékeré. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Àyìndé Bákàrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iná gbé ohùn gìtá sókè nínú jùjú. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ Ebenezer Obey, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní Ìdógo ní 1942, àti ẹgbẹ́ King Sunny Adé ti ń kó gìtá púpọ̀ jọ sórí ìtàgé kan náà: ọ̀kan ń ṣíwájú, àwọn mìíràn ń gbè é, béèsì sì ń gbé gbogbo wọn ró. Nínú àwo *Juju Music* tí Sunny Adé gbé jáde ní 1982, Démọ́lá Adépọ̀jù tún fi irú gìtá mìíràn kún un, èyí tí a máa ń tẹ́ kalẹ̀ bíi tábìlì, tí a sì ń fi irin rá lórí okùn rẹ̀. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1938, kò fi ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ sí gìtá kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Mo tún fi kún un pé ìyáàlù kì í dá ṣeré, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń mú kí ijó dùn.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, “Mo gbọ́, Bàbá wa. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ dárúkọ yẹn, ẹni mélòó ló di gìtá mélòó mú?”

Òótọ́ ni. Obey kò fi ọrùn kan gbé gìtá mẹ́rin kọ́. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ó sì ń fi jẹun. Fẹlá tó ni ẹgbẹ́ gan-an, fèrè àti dùùrù ló mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ẹlòmíràn ló ń ta gìtá fún un.

Ọkọ tó bá gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó wo apá ibi tí àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀ wà. Èmi náà wò ó. Mo bi í pé aṣọ mélòó ni ènìyàn kan lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí náà jáde, ó ní kí a jọ kà á. A kà á lóòótọ́. Àwọn kan jẹ́ ọjà: gínnì tó ti rẹ láró, tó ti ká ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, tó ń lọ sí Ìtòkú ní ọ̀la. Àwọn kan jẹ́ aṣọ tó ń wọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́rin wà, irú èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti lẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró ẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ ló ṣe wọ́n. N kò rí i kí ó wọ ọ̀kankan nínú wọn rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Mo béèrè pé iṣẹ́ wo ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe.

“Wọn kò ṣiṣẹ́ kankan,” ó dáhùn. “Màmá mi ló wà nínú wọn.”

Láti ìgbà náà ni a ti ń pín ohun tó wà nínú ilé wa sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó ń bọ́ wa, ohun tí à ń lò, àti ohun tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ti ìkẹta yìí, a kì í bi í léèrè owó tó mú wọlé. Gìtá onígi tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ di ọjọ́ tí n kò lè ta á mọ́. Gìtá oníná èkejì ń bọ́ wa. Béèsì náà yóò bọ́ wa bí ó bá dé. Ẹ̀kẹta nìkan ni kò rí ibì kan jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe iye gìtá ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé tí kò ní òrùlé ni ìyàwó mi ti ń rẹ aró. Oòrùn ni aláró fi ń sá aṣọ, òjò sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú, òjò bọ́ sínú ìkòkò aró, aṣọ kò gbẹ, ó sì ní láti dá owó àsansílẹ̀ padà fún ẹbí tó fẹ́ kí ó bá wọn ṣe aṣọ ẹbí. Àtíbàbà onípáànù ló ń fẹ́. Owó tí a ní lápapọ̀, èésú tó kó àti owó òde tí mo tọ́jú, jẹ́ 250,000 náírà. Béèsì tòkúnbọ̀ tí mo rí jẹ́ 220,000. Igi, páànù, ìṣó àti owó káfíńtà sún mọ́ iye kan náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni owó náà lè ṣe. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ni a bá ara wa sọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi nínú kíláàsì kan ìtàn Lísàbí. Ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n: ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Aláàfin ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá, Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ àáró, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì fi bọ́ àjàgà náà kúrò lọ́rùn. Bí mo ti ń ṣàlàyé àáró fún àwọn ọmọ náà ni ohun kan là sí mi. Nínú àáró, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé oko ta ni ó dára jù. Gbogbo wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹni tó kàn, lẹ́yìn náà wọn yóò ṣí lọ sí oko ẹlòmíràn. Ẹni tí wọn kò tíì dé oko rẹ̀ kì í kígbe, nítorí ó mọ̀ pé yóò kan òun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé. A jókòó, a sì fi àsìkò ṣe adájọ́. Òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Òde ìnáwó máa ń pọ̀ jù ní oṣù kejìlá. Oko rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Káfíńtà parí àtíbàbà náà ní òpin oṣù kẹta. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, abẹ́ páànù ni ìkòkò aró wà, okùn ìsáṣọ sì wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí aṣọ. Gbogbo aṣọ ẹbí tí wọ́n gbé fún un ló parí lásìkò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ó gbé àpò owó kan sórí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Ó kan oko yín.”

A jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Láderin lọ sí Èkó. Béèsì mẹ́ta ni wọ́n kó sílẹ̀ fún wa. Èyí tí ojú mi wà lára rẹ̀ ni èyí tó ń dán jù. Ìyàwó mi di ojú, ó ní kí n ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fọwọ́ kan àyà rẹ̀ ní ìgbà tó kan èyí tó gbó jù. Òun la rà. Kí oṣù náà tó parí, mo ta gìtá ẹ̀kẹta fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, gìtá mẹ́ta náà ló ṣì wà nílé wa.

Mo mọ̀ pé àwọn akẹgbẹ́ mi kan ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń gbé gìtá pamọ́ sí ilé ọ̀rẹ́, tàbí kí wọ́n pe 200,000 ní 50,000 nílé. Ṣùgbọ́n gìtá tí a kò lè ta ní ilé ẹni kò tíì di tẹni. Ẹ̀wẹ̀, gìtá kì í ṣe ohun tí a rà tán lẹ́ẹ̀kan. Òógùn ọwọ́ ń jẹ́ kí okùn rẹ̀ dógùn-ún, ọyẹ́ ń gbẹ igi rẹ̀ títí yóò fi sán, ẹni tí kò sì mọ̀ pé a rà á kò ní mọ ìdí tí owó fi ń jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ dárúkọ iye rẹ̀ gan-an fún ẹnìkejì yín. Ẹ sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ béèrè ohun tí òun náà ń dúró dè, kí ẹ sì jọ wo èyí tí àsìkò rẹ̀ ń lọ. Bí ìyàwó bá ló ni gìtá, tí ọkọ sì ni ẹni tó ń wo àyè tó kù nínú yàrá, bákan náà ni. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ilé tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń sọ ohun tó wù ú, ẹnìkejì ti di àlejò níbẹ̀.

Mẹ́ta ni iye tó tó wa báyìí. Kì í ṣe òfin. Ọmọ wa ti ń fi ìka tọ́ okùn béèsì náà wò ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti béèrè èwo ni tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé oko rẹ̀ kò tíì kàn.