Ajá Aládùúgbò Wa

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlú Ìbàdàn ni àwọn òbí mi ń gbé. Ìyá àgbà kan ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Wọ́n ní ajá kan tí ó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Bí mo bá ń lọ sí ilé-ìwé ní àárọ̀, Tanímọ̀la a máa ju ìrù sí mi.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo rí i pé wọ́n so ajá náà mọ́ ìdí igi máńgòrò. Abọ́ omi rẹ̀ ti gbẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibẹ̀ náà ni ó ṣì wà nínú oòrùn. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, okùn sì ti bó o lọ́rùn. Mo kan ilẹ̀kùn ilé náà títí, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ìkà ni ìyá yìí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo tú okùn náà. Mo fa ajá lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì fi í pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo fún un ní omi àti ẹ̀kọ tí mo jẹ kù. Inú mi dùn. Mo rò pé akọni ni mí.

Ní òru, Tanímọ̀la gbó. Bàbá mi gbé àtùpà jáde.

"Ajá ta nìyí?"

"Ti Ìyá Àgbà ni, Bàbá. Òùngbẹ ni ìbá pa á. Mo gbà á là ni."

"O gbà á là, àbí o jí i? Ta ni o sọ fún?"

N kò lè fèsì.

"Bí oore ni o ṣe, kí ló dé tí o fi dúró kí ilẹ̀ ṣú? Bí ó bá bù ọ́ jẹ ńkọ́?"

Bàbá ní inú itọ́ ajá ni àrùn dìgbòlugi máa ń wà, àti pé bí ó bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Bàbá ti ń mú mi lọ sí ilé náà, a gbọ́ ohùn ìyá àgbà: "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la o!" Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n fi owó oúnjẹ ajá sílẹ̀ fún ayálégbé kan, ṣùgbọ́n ìyẹn gba owó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó dá a.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o fún ajá mi ní omi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n o já mi láyà. Mo rò pé wọ́n ti gbé e lọ pa jẹ ni."

Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n máa wá fún Tanímọ̀la ní omi. Ọ̀sán gangan ni mo ń lọ.

Nígbà tí mo dàgbà, mo kà á nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ní abala 495, pé ẹni tí ó bá dá ẹranko lóró, tàbí tí ó jẹ́ kí ìyà tí kò yẹ jẹ ẹ́, lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Òfin kan náà ni kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti jí ohun olóhun.

Bí mo bá fi ajá náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ṣé yóò yè? N kò mọ̀. N kò kábàámọ̀ omi tí mo fún un. Òkùnkùn tí mo fi bo ọ̀rọ̀ náà ni mo kábàámọ̀. Mo lè gbé omi lọ bá a ní ìdí igi. Mo lè sọ fún Bàbá, kí àwọn àgbà àdúgbò sì tú u níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá rí ẹranko tí ìyà ń jẹ, ẹ má ṣe kọjá lọ bí ẹni tí kò rí i. Ẹ má sì ṣe dá a gbé. Ẹ ké sí àgbà.

Ìbéèrè
1. Kí ni orúkọ ajá ìyá àgbà?
2. Kí ni ayálégbé náà ṣe tí kò dára?
3. Ní èrò tìrẹ, ṣé olè ni ọmọ yìí? Sọ ìdí rẹ̀.