Abẹ́rẹ́ Orí Àwo Orin Bàbá Mi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi! Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń kọ àwo orin ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní giramafóònù.

Bàbá mi ní ọ̀kan ní Kétu. Ó dà bí àpótí aṣọ kékeré, bátìrì ni ó ń lò, inú ìdérí rẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. A ní àwo Poly-Rythmo ti Kútọnu, ṣùgbọ́n ti Haruna Ishola ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ìmẹ̀kọ, ní apá Nàìjíríà, ni ó ti ń rà wọ́n.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí àwo Haruna kan. Bàbá kò sí nílé. Mo mú ẹyọ owó 25 F, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí apá tí abẹ́rẹ́ wà. Abẹ́rẹ́ kò fò mọ́! Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá ti jáde, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi kú ní 2009. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ní 2022, ìyá mi, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, sọ fún mi pé: “Àkànní, ṣé mi ò ní gbọ́ àwo bàbá rẹ kí n tó kú ni?” Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo lọ sí ọjà Tọ́kpá ní Kútọnu, mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó ti Yúróòpù dé. Owó rẹ̀ ju iye tí mo sọ fún ìyàwó mi lọ. Mo so ó mọ́ rédíò wa. Ohùn tó jáde kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Mo rò pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ.

Mo gbé e tọ ọ̀gá kan tí ń tún rédíò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Olùkọ́, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Irú ti bàbá yín kọ́ nìyí.” Ó ní abẹ́rẹ́ ti àtijọ́ ń mú iná tó lágbára jáde, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ èyí ń mi òòfà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tín-ín-rín, iná rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ gba inú àpótí kékeré kan tí ń gbé ohùn sókè kí ó tó dé rédíò. Mo ra àpótí náà. Wáyà kan sì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí mo fi sílẹ̀ lásán. Bí ọ̀gá ti de wáyà yìí mọ́ àpótí náà, ariwo “hùùù” tó ń yọ wá lẹ́nu dákẹ́.

Ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹ ti wọn abẹ́rẹ́ náà?” Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ìwé rẹ̀ ní kí ó tẹ àwo pẹ̀lú ìwúwo gíráàmù 2. Ẹ̀yin ará, ẹyọ owó 25 F tó nǹkan bíi gíráàmù 8! Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ìlà kan ṣoṣo ni ó wà lójú àwo, láti etí títí dé àárín, ó tín-ín-rín bí irun orí. Abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ọ́ bí ìka yín ṣe ń tọ ìlà ìwé. Bí ó bá wúwo jù, ó ń họ ògiri ìlà náà. Bí ó bá sì fúyẹ́ jù, yóò máa fò.

Ọ̀kan nínú yín, mọlémọlé, gbé nívò rẹ̀ wá sílé mi. Tábìlì mi dagun! A kan pákó mọ́ ògiri, a tò ó kí ó tẹ́jú, a gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, kí ìmìtìtì àpótí ohùn má baà dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. A yí òkúta ìdí apá náà títí apá fi dúró lófuurufú bí òṣùwọ̀n tó bá ara mu. A fi òrùka rẹ̀ sí 0, a wá yí i dé 2. Mọlémọlé ni ó ka nọ́ńbà náà, èmi kọ́.

Mo fi omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀ (kì í ṣe ásíìdì o!) àti ọṣẹ díẹ̀ nu àwo náà, mo ń tọ ìlà rẹ̀ yípo, omi kò kan bébà àárín. Mo gbẹ ẹ́ lábẹ́ òrùlé, torí oòrùn ń mú kí àwo wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Haruna kọrin. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí lórí ẹ̀rọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí owó ti họ, ohùn há, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ tuntun lè ṣe sí i.

Mo ní, “Ìyá mi, èmi ni mo ba ibẹ̀ jẹ́. Mo fi owó lé e lórí.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Bàbá rẹ náà mọ̀. Òun ni ó ń yọ àlẹ̀mọ́ tí o bá gbàgbé. Ó yá, yí i sí ojú kejì.”