Ohùn Màmá Wà Nínú Fóònù

Ọdún 2009 ni mo gbé tábìlì kan kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n ṣe settings íntánẹ́ẹ̀tì sórí Nokia, kí 2go, áàpù ìtàkúrọ̀sọ, lè ṣiṣẹ́. Láti South Africa ni 2go ti wá, fáìlì jar kékeré ni, fóònù Java èyíkéyìí ló sì máa ń gbà á. Ẹni tó ní Nokia ń bá ẹni tó ní Samsung tàkúrọ̀sọ, kò sí wàhálà.

BlackBerry ló pín wa níyà. BBM, áàpù ìtàkúrọ̀sọ tirẹ̀, kò mọ fóònù mìíràn nígbà náà àfi BlackBerry ẹgbẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní PIN BlackBerry kò sí nínú gúrúùpù kíláàsì. Ó dùn mí láti rí ẹni tó fi owó oúnjẹ ra BlackBerry tòkúnbọ̀ ní ọjà Alábà, torí kí ọ̀rọ̀ má baà kọjá òun. Nígbà tí BBM fi máa dé orí Android àti iPhone ní oṣù Kẹwàá 2013, WhatsApp ti kó èrò lọ. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni ìyẹn ń béèrè, ìbáà jẹ́ BlackBerry, Android tàbí iPhone lo ní. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2019 ni wọ́n ti BBM pa.

Ṣùgbọ́n WhatsApp náà ní ògiri tirẹ̀. Nígbà náà, bí o bá fi Android sílẹ̀ bọ́ sórí iPhone, ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá kì í bá ọ lọ: Google Drive ni Android ń kó tirẹ̀ sí, iCloud ni ti iPhone.

Ọdún 2019 náà ni ìyá ẹlẹ́ja kan láti Okokomaiko gbé Android wọn àtijọ́ àti iPhone tí ọmọ wọn rà fún wọn wá.

“Ọmọ mi, ohùn màmá mi wà nínú èyí àtijọ́. Wọ́n ti lọ. Bá mi gbé ohùn wọn kọjá.”

“Mà, wọn ò ní sí nínú WhatsApp mọ́, àmọ́ màá kó wọn fún yín.”

Mo so Android náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Fáìlì opus ni ohùn wọ̀nyẹn, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kò sí lára wọn, iPhone náà kò sì ń ṣí opus. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá ń tẹ́tí: “Rárá, oníbàárà nìyẹn.” Bó bá kan ti màmá, wọn á kàn mi orí, màá sì yí i sí mp3. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀.

Ọdún 2022 ni WhatsApp fúnra rẹ̀ la ọ̀nà láti Android sí iPhone. Inú mi dùn gidigidi. Bí wọ́n bá gbé fóònù wá báyìí, mo ṣì máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ohùn ta ló wà nínú rẹ̀.