Àwọn Tó Kúrò Lára Afẹ́fẹ́

Ní Kétu, lórí ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú lápá ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀, ọyẹ́ máa ń fi eruku pupa bo ewé. Ojú rí eruku. Kò rí afẹ́fẹ́ tó gbé e. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ náà sí 100, náítírójìn kó 78, ọ́síjìn kó 21. Lókè réré, níbi tó ga ju 100 kìlómítà lọ, ìtànṣán oòrùn tó le, tí kì í délẹ̀, ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára mólékù wọn: ọ̀kan lọ́pọ̀ ìgbà, méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mólékù tó pàdánù méjì kì í sábà pẹ́. Apá rẹ̀ méjèèjì ń ti ara wọn, ọ̀pọ̀ a sì fọ́ kíá. A kì í sábà lè dì í mú wò. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kúrò lára rẹ̀ ni a máa ń bi léèrè.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Eland ní Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan fún iṣẹ́ yìí; ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2003. Ọ̀pá gbọọrọ ni, ó gùn ju mítà 5 lọ, wáyà wé e yíká, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ní ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ oníhò ń tú náítírójìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òòfà olórí ṣóńṣó dúró tì í. Àtùpà hílíọ́mù á ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ṣà nínú rẹ̀ gbé agbára 48.4 eV (eV ni òṣùwọ̀n agbára fún ohun tó kéré bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù). Ibi yòówù tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá fò sí, kódà kó kẹ̀yìn sí ọ̀pá, òòfà á dá a padà, bí oníbodè Àkàbà Ìdẹ̀nà ìgbàanì ṣe ń darí èrò gba ẹnu odi Kétu. Àkókò tó fi rìn ló ń sọ agbára rẹ̀: èyí tó gbé 4.4 eV á dé òpin ọ̀pá kí ìdá 5 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Èyí tó gbé 1 eV á falẹ̀ dé bí ìdá 9. Bí méjèèjì bá ti ara mólékù kan náà jáde, ẹ ro wọ́n pọ̀, 5.4, ẹ yọ ọ́ nínú 48.4, ó ku 43. Ohun tí yíyọ méjì lára náítírójìn ń náni nìyẹn. Àkọ́kọ́ kò ju 15.6 lọ, èkejì ló wọ́n, nítorí ẹni tí a ti jà lólè kì í tún tú ọwọ́ sílẹ̀.

Sùúrù wọn ló wù mí jù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ìmọ́lẹ̀ kù débi pé àtùpà á ṣẹ́jú títí láìmú nǹkan kan wá, kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò ti ara mólékù kan náà jáde má baà dé pọ̀, kí ìṣirò má sì dàrú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn òkè ṣóńṣóṣóńṣó á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ti náítírójìn bẹ̀rẹ̀ nítòsí 43 eV, ti ọ́síjìn nítòsí 36. Ọ̀kan nínú ìtànṣán oòrùn tó lágbára, èyí tó ti ara hílíọ́mù rẹ̀ wá, gbé 40.8: ó lè gba méjì lọ́wọ́ mólékù ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló lè rí gbà lọ́wọ́ náítírójìn.